Ohun Tí Iná Tẹ̀ Kọjá

Láti ọjọ́ tí iná ti jó oko kajú Bàbá Ògúnbáyọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni Sọ̀fíyàt ń gbé kiri inú abà, tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí: kí ni iná náà tẹ̀ kọjá?

Ó mọ ààlà tí bàbá náà là yí oko wọn ká. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ní gbogbo ọ̀nà Kuta, kò sí àgbẹ̀ tí í la ààlà iná bíi Bàbá Ògúnbáyọ̀, tí wọ́n ti ṣe ọdẹ kí wọ́n tó fi ìbọn sílẹ̀ gbé ọkọ́. Kí òjò tó parí ni wọ́n ti máa ń gé igbó tó yí oko náà ká, wọn a ro ilẹ̀ ibẹ̀ títí yóò fi fẹ̀ tó ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì lè gbà pàdé láìfara kanra. Iná kò ní ìyẹ́. Bí ó bá dé ibi tí kò ti rí nǹkan jẹ, ṣe ló yẹ kó dúró, kó máa wo òdìkejì bí ajá tó rí egungun lẹ́yìn ọgbà onílé. Ṣùgbọ́n iná yìí kọjá. Ní ọ̀sán gangan ló kọjá, ó jó àwọn igi kajú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó, ó jó ahéré, ó jó àkàbà tí wọ́n fi ti ara igi.

Àwọn ará abà ti dáhùn ìbéèrè náà tipẹ́. Wọ́n ní àwọn tó ń dẹ ọ̀yà ní etí odò ló dá iná sílẹ̀, ìyẹn kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Ṣùgbọ́n láti etí odò wọ inú oko tí wọ́n ti la ààlà yí ká, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀, pé ẹnìkan ló mú ògúnná tó jù ú sọ́dọ̀ bàbá. Bàbá Ògúnbáyọ̀ gan-an gbà bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ń lọ wo eérú oko wọn, wọn a dúró níwájú ẹkù tí Ìyá Àgbà ti ń fún epo, wọn a fi àdá kan ahọ́n, wọn a sì gbé ohùn sókè kí gbogbo abà lè gbọ́:

"Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iná tó jó oko mi, ayé rẹ̀ á gbẹ bí ewé inú ọyẹ́!"

Ìyá Àgbà a dáhùn láti ibi tí wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti ń pa ekùrọ́: "Àmín o! Àmín láṣẹ Ọlọ́run! Ilé kò ní gbà á, ọ̀nà kò ní gbà á!"

"Ẹ ṣé, Ìyá elépo. Àmín yín ló ń fi iyọ̀ sí i."

"Ẹnu tó ti mu omi Mẹ́kà ni, Ògúnbáyọ̀. Má fi wé tìrẹ tó ń mu ẹmu."

Wọn a jọ rẹ́rìn-ín, bàbá a sì máa bá tiwọn lọ.

Ìyá Àgbà, Àgbékẹ́ lorúkọ wọn, ló bí bàbá Sọ̀fíyàt. Ẹkù wọn, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n ti ń gún un, tí wọ́n sì ti ń fún epo rẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko bàbá náà, ọ̀pẹ yí i ká. Nígbà tí Sọ̀fíyàt parí ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ìwó, ó ní òun fẹ́ wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ti di oṣù. Abà wù ú. Níbẹ̀, ènìyàn lè fi ojú tẹ̀lé kòkòrò kan láti ìdí igi dé orí rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò ní kó dìde lọ fọ abọ́.

Ọyẹ́ ọdún yìí kò sì wá bí àlejò. Ó wá bí ẹni tó fẹ́ gba ilé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ó ń ru erùpẹ̀ títí oòrùn fi di ohun tí ènìyàn lè tẹjú mọ́ bí òṣùpá. Ètè bẹ́, gìgísẹ̀ là, ilẹ̀kùn tí òjò ti mú wú tí kò ṣeé tì wá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá sá, kí wọ́n tó yí ojú padà, ó ti gan bí pákó. Lọ́dún mìíràn, òjò kan a máa ṣèèṣì rọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, a fi omi tọ́ ilẹ̀ lẹ́nu wò. Lọ́dún yìí, kò sí ohun tó jọ ọ́.

Sọ̀fíyàt mọ ohun tí iná lè gbà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Gbogbo epo tí wọ́n fún nígbà òjò ló wà nínú àwọn àgbá tí wọ́n tò sábẹ́ òrùlé imọ̀ ẹkù náà, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí epo yóò wọ́n lọ́jà Odò-Orí. Bí ẹkù yìí bá jó, kò sí ohun tí wọn yóò tún fi sọ pé àwọn kò ní wálé. Áfáà Abdulsobur, ọmọ wọn tó bí Sọ̀fíyàt, ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún wọn nílùú, ó ti ra bẹ́ẹ̀dì, ó ti so fáànù mọ́ àjà. "Ẹ wá máa sinmi, Màámi," ni ó máa ń sọ. Ìyá Àgbà a ní, "Ẹni tó bá ti sinmi tán kó tó kú, kí ni yóò máa ṣe nínú sàréè?" Wọn kò fẹ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnikẹ́ni kí wọ́n máa ka tẹ̀sùbáà láti àárọ̀ dalẹ́, kí ìyàwó ọmọ máa fi oúnjẹ sí wọn níwájú bí ẹni ń bọ́ adìyẹ. Wọ́n ti sọ ọ́ fún Sọ̀fíyàt lọ́jọ́ kan pé ọjọ́ tí àwọn bá kúrò ní ẹkù yìí, kí wọ́n kàn máa wá ibi tí wọn yóò sin àwọn sí.

Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun làásárì, Sọ̀fíyàt dá lọ sí oko kajú náà. Ó rìn yí ààlà ká, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí koríko ti jó, eérú rẹ̀ dúdú, ó gùn tín-ín-rín bí irun. Lójú ààlà, ilẹ̀ pupa ni, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ń lọ, ó ń lọ, àfi ìgbà tó dé apá tó kọjú sí ẹkù. Ibẹ̀ ni ó ti rí i. Eérú mìíràn tẹ́ síbẹ̀ bí ẹní láti etí igbó títí wọ inú oko. Kò dúdú, kò gùn. Ó kúnná bí àtíkè, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ẹyẹlé.

Ó kúnlẹ̀. Ó fi ìka tọ́ ọ. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, lábẹ́ òkúta, ó rí èyí tí iná kò jẹ tán: okùn wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ó wé mọ́ra. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn epo.

Ìhá ni.

Ta ni ọmọ elépo tí kò mọ ìhá? Bí wọ́n bá ti fún epo tán lára ẹyìn, tí wọ́n ṣa ekùrọ́ kúrò, okùn wẹ́wẹ́ tó bá ṣẹ́kù ni ìhá. Òun ni wọ́n fi ń dáná láràárọ̀. Sọ̀fíyàt sì rántí ọjọ́ tí ìhá yìí débẹ̀, nítorí orí òun fúnra rẹ̀ ló gbé e dé. Ìgbà òjò ni. Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n kó apẹ̀rẹ̀ ìhá lọ da sójú ààlà Bàbá Ògúnbáyọ̀, kí bàbá má baà máa ro ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. "Koríko kì í hù lábẹ́ ìhá," ni wọ́n wí, "èmi ni mo mọ̀ ọ́n." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí wọ́n ti ń ṣe ààlà ẹkù tiwọn nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Bàbá Ògúnbáyọ̀ dúpẹ́, wọ́n ní kí wọ́n dà á kó nípọn.

Inú Sọ̀fíyàt kọ́kọ́ dùn, bí inú ẹni tó já àlọ́ tí gbogbo ilé kò rí já. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó rí ẹkù Ìyá Àgbà lókèèrè. Ìhá yí i ká bí ẹ̀gbà ọrùn, ọdún lórí ọdún, ẹsẹ̀ kì í kan ilẹ̀ níbẹ̀. Ó dìde.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò tíì yé e. Bí ìhá bá ń gbé iná kọjá, kí ló dé tí ti ẹkù kò ṣe bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún tó kọjá?

Ó lọ sí ààlà ẹkù, ó ti ọwọ́ bọ inú ìhá. Nígbà òjò, tí ènìyàn bá walẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, omi ni yóò bá, àti ekòló. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ wọlé títí dé ìgúnpá, gbogbo rẹ̀ gbẹ, ó ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó bu ti òkè, ó bu ti ìsàlẹ̀, ó gbé wọn lọ sí ilẹ̀ gbalasa nídìí ààrò, ó tẹ́ wọn lọ bí ọ̀nà kékeré. Ó gbé ìkòkò omi sítòsí. Lẹ́yìn náà ó fi ògúnná kan sí ìkángun. Èéfín díẹ̀ rú, kò sí nǹkan míì. Ó mú abẹ̀bẹ̀, ó fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́. Ojú pupa kan là nínú ìhá náà. Ó tún fẹ́ ẹ. Ojú náà sún síwájú. Bí ó bá dáwọ́ dúró, iná á sinmi. Bí ó bá fẹ́ ẹ, á tún rìn, kò jó lala, ó kàn ń jẹun lọ lábẹ́lẹ̀ bí ikán.

"Sọ̀fíyàt! Iná lo fi ń ṣeré nínú ọyẹ́ yìí? Ṣé atẹ́gùn ti gbé ọpọlọ rẹ lọ ni?"

Ìyá Àgbà ni, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wo nǹkan, Ìyá Àgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀."

"Orúnkún mi kì í bẹ̀rẹ̀ fún eré ọmọdé." Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wò ó, wọ́n ṣòsé. "Ìhá lo ń finá sí tí o wá ń la ojú bẹ́ẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé ìhá ń gba iná? Kí lo rò pé mo fi ń dáná láti ìgbà tí bàbá rẹ ti wà lẹ́yìn mi?"

"Èyí kì í ṣe ìhá ìdáná, Ìyá Àgbà. Ìsàlẹ̀ ààlà wa ni mo ti wà á jáde."

"Èyí tó ti jẹrà?"

"Kò rí bí ohun tó jẹrà mọ́. Ọyẹ́ ti mu omi inú rẹ̀ tán. Ẹ wò ó." Ó fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ojú pupa náà dìde, ó rìn dé ìkángun kejì, ó kan koríko gbígbẹ kan tó wà níbẹ̀, koríko náà sì gbiná lẹ́ẹ̀kan náà.

Sọ̀fíyàt da omi sí i.

"Irú eérú yìí náà ló wà lójú ààlà Bàbá Ògúnbáyọ̀," ni Sọ̀fíyàt wí jẹ́jẹ́. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ dé."

Ìyá Àgbà wá ẹnu odó, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n ní, "Gbé ẹnu rẹ dání ná."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ògúnbáyọ̀ dé bí ìṣe wọn. Wọ́n fi àdá kan ahọ́n, wọ́n ṣẹ́ èpè. Wọ́n dúró. Kò sí àmín.

"Ìyá elépo! Ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?"

"Ọ̀fun ń dùn mí," ni Ìyá Àgbà dá wọn lóhùn, ojú wọn wà lára ekùrọ́.

"Háà, ọyẹ́ ti kó àmín lọ! Ẹ fi epo rá a. Ọ̀fun elépo kì í gbẹ." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá.

Bí wọ́n ti kọjá tán ni Ìyá Àgbà dìde, wọ́n so gèlè mọ́ ìdí. "Gbé apẹ̀rẹ̀. A ó kó ìhá náà kúrò."

Wọ́n kó o títí oòrùn fi mú, ṣùgbọ́n bí ẹni ń fi ṣíbí gbọ́n odò ni. Kò tilẹ̀ sí ibi tí wọn yóò dà á sí. Ibi gbogbo tó yí wọn ká, igbó gbígbẹ ni. Èyí tí wọ́n bá sì dà jọ, ọyẹ́ á fẹ́ ẹ padà sí wọn lójú. Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn, wọ́n dúró.

"Sísun ni ká sun ún," ni wọ́n wí.

"Àwa méjì?"

"Àwa méjì kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kí ẹkù bá a lọ ni? Ẹnì kan ló mọ bí wọ́n ti ń sun ilẹ̀ nínú ọyẹ́ tí iná kì í fi í ṣá lọ, o sì mọ ẹni náà."

Sọ̀fíyàt mọ̀ ọ́n. "Ẹ jẹ́ kí n lọ pè wọ́n. A ò ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún wọn."

"Ọdẹ ni. Bó bá ti rí bí ìhá ṣe ń jó, kò ní bi wá kó tó mọ̀." Ìyá Àgbà nu ojú. "Bí kò bá tilẹ̀ mọ̀ pàápàá. Kí n pe ènìyàn wá gba ẹkù mi lọ́wọ́ ohun tó jó oko tirẹ̀, kí n wá pa ẹnu mọ́? Sọ̀fíyàt, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ṣe àmín sí orí ara mi. Asitagafurulai! Pẹ̀lú ẹnu tó mu omi Mẹ́kà."

Ó fẹ́ pa Sọ̀fíyàt lẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín, nítorí ojú Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n bá Bàbá Ògúnbáyọ̀ nínú oko, tí wọ́n ń gé àwọn igi kajú tó ti di èédú. Sọ̀fíyàt kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá Àgbà dúró lórí ìdúró.

"Ògúnbáyọ̀, má ṣẹ́ èpè yẹn mọ́."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ ti mọ ẹni náà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Bàbá fi àdá gún ilẹ̀. "Ta ni?"

"Òun ló ń ṣe àmín."

Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí Ìyá Àgbà kò bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà gbẹ. Ìyá Àgbà mú wọn lọ sójú ààlà, wọ́n fi eérú aláwọ̀ ẹyẹlé náà hàn wọ́n, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìhá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn kò fi nǹkan kan pamọ́. Bàbá Ògúnbáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n bu eérú náà sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wò ó, wọ́n fẹ́ ẹ dànù. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n padà síbi igi tí wọ́n ń gé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Lójú ọ̀nà ilé, Ìyá Àgbà ní, "Ó tán. Èmi gan-an ò ní dá ara mi lóhùn, ká ní èmi ni."

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Sọ̀fíyàt gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Bàbá Ògúnbáyọ̀ ni, wọ́n ru ẹ̀ka igi tútù lórí, àpò kòkó tó ti gbó wà léjìká wọn. Wọ́n ju ẹrù sílẹ̀.

"Ẹ bu omi tútù fún mi."

Sọ̀fíyàt sáré bù ú nínú àmù. Bàbá kò mu ún. Wọ́n fi ṣan ẹnu, wọ́n tu ú sílẹ̀, wọ́n ní, "Èpè tí mo ṣẹ́, mo ti gbà á padà. Omi tútù ni mo tú lé e. Ẹ̀yin náà, ẹ wá gba àmín yín."

"Ìgò omi mélòó ni yóò tó gbogbo àmín yẹn?" ni Ìyá Àgbà wí. Ṣùgbọ́n wọ́n gba igbá, wọ́n ṣan ẹnu, wọ́n tu ú, wọ́n tún ṣan án.

"Ẹnu yín ti mọ́, ó tó gẹ́ẹ́. Èmi náà ni mo ní kí ẹ dà á kó nípọn." Bàbá wo ojú ọ̀run. "Kajú mi ń dùn mí o. Mi ò ní sọ pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe èyí tó wà nílẹ̀."

Ìyá Àgbà fẹ́ ṣáná. Bàbá gbá ọwọ́ wọn mú. "Ẹ dúró. Atẹ́gùn kò tíì sùn." Wọ́n bu eérú, wọ́n jẹ́ kó máa yọ́ bọ́ láàárín ìka wọn. Eérú náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n tún bu òmíràn. Ó fì, ṣùgbọ́n kò fì tó ti ìṣáájú. Nígbà tó ṣe, eérú bọ́ sílẹ̀ ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ wọn.

"Ó ti sùn."

"Kí ló dé tí í fi í sùn nírọ̀lẹ́, bàbá?" ni Sọ̀fíyàt béèrè.

"Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí oòrùn bá ti ń re ilé, ọyẹ́ náà a máa rọlẹ̀. Ìdí rẹ̀, bí o bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí o wá sọ fún èmi náà."

Wọ́n kọ́kọ́ gbá ilẹ̀ tó wà láàárín ìhá àti ẹkù títí ó fi mọ́ fóó, wọ́n bu omi wọ́n òrùlé. Lẹ́yìn náà ni Bàbá Ògúnbáyọ̀ ṣáná, wọ́n sì fi iná sí ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ẹkù, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó jìnnà. Ó ya Sọ̀fíyàt lẹ́nu.

"Ibi tí atẹ́gùn ti ń wá ni mo fẹ́ kó dojú kọ," ni bàbá wí. "Iná tó bá ń kojú atẹ́gùn, bí arúgbó ló ń rìn. Èyí tí atẹ́gùn bá ń tì lẹ́yìn, ẹṣin ni. Àwa tá a dàgbà, ṣé ẹṣin la lè lé ni?"

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sun ún. Ibi tó bá jó tán, Sọ̀fíyàt á fi ẹ̀ka tútù lù ú, Ìyá Àgbà á bu omi sí i, bàbá á sì fi ẹsẹ̀ tú u wò bóyá ojú pupa ṣì wà nísàlẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, wọ́n pa gbogbo rẹ̀, wọ́n lọ jẹun. Lọ́jọ́ kejì, ní àkókò kan náà, wọ́n tún padà sí i, títí ilẹ̀ dúdú fi yí ẹkù ká pátápátá.

Òwe àwọn àgbà ní oko kì í jó kí màjàlà má sọ fún ará ilé. Màjàlà ni Sọ̀fíyàt kọ́kọ́ rí. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, ọyẹ́ ń fẹ́ bí ẹni inú ń bí, ó sì ń pọn omi nígbà tí eérú koríko dúdú kan wá bà sórí igbá. Ó gbé e, ó ṣì gbóná.

"Iná ń bọ̀!"

Kí Bàbá Ògúnbáyọ̀ tó sáré dé, èéfín ti bo orí àwọn ọ̀pẹ. Iná náà ń dún bí òjò ńlá. Àwòdì ń fò yí ká níwájú rẹ̀, wọ́n ń mú tata tó ń sá. Ẹ̀rù ba Sọ̀fíyàt, síbẹ̀ kò lè gbé ojú kúrò. Iná dé etí ilẹ̀ dúdú náà. Ó dìde dúró, ó na ọwọ́, ó sá sí ọ̀tún, ó sá sí òsì. Kò rí nǹkan tẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

"Alihamdulilai!" ni Ìyá Àgbà wí.

Ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí imọ̀ ọ̀pẹ kan tó ń jó já kúrò lórí igi. Ọyẹ́ gbé e, ó gbé e kọjá ilẹ̀ dúdú bí ẹni gbé àbúrò pọ̀n, ó sì sọ ọ́ sórí òrùlé ẹkù. Omi tí wọ́n ń wọ́n sí òrùlé náà láràárọ̀ ti gbẹ. Ó gbiná.

"Epo!" Ìyá Àgbà sáré wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbá àgbá kan mú. "Ibo ni ká gbé e lọ? Ibo ni kò ní jó?"

"Orí ilẹ̀ tó ti jó!" Sọ̀fíyàt ti ń yí àgbá kejì. "Kò sí nǹkan tó ṣẹ́kù níbẹ̀ tí iná máa jẹ! Ẹ yí i síbẹ̀, Ìyá Àgbà!"

Wọ́n ń yí i, imọ̀ òrùlé tó ń jó ń já bọ́ lé wọn léjìká, Bàbá Ògúnbáyọ̀ ń fi àpò kòkó tútù gbọ̀n ọ́n dànù. Nígbà tí àgbá tó kẹ́yìn jáde, bàbá fi àdá gé okùn tó so àwọn òpó ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n fi èjìká ti òrùlé náà. Ó wó sí ẹ̀yìn, ó jó níbi tó wó sí, ó sì kú síbẹ̀.

Iná ńlá náà ti bá ọ̀nà mìíràn lọ. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àgbá wọn, ojú wọn dúdú, aṣọ wọn jó láyìíká etí. Wọ́n fọwọ́ kan àgbá kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn dé.

Èéfín náà ti ròyìn dé ìlú, kò pẹ́ tí alùpùpù kan fi dé. Áfáà Abdulsobur ló bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, jàlàbíà funfun lọ́rùn, bàtà dídán lẹ́sẹ̀. Ó rí ẹkù tí kò lórí mọ́, ó rí ìyá rẹ̀ nínú eérú. Ó dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, kò tilẹ̀ wo aṣọ.

"Màámi, ẹ dákun. Ó tó báyìí. Ẹ dìde ká máa lọ sílé."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Ṣé ẹ ò rí i pé ó ti jó ni?"

"Kí ló jó? Òrùlé. Epo mi rèé. Ìfúnpo mi rèé, irin ni, kò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀pẹ mi wà lóòró. Ará ìlú, ṣé òrùlé imọ̀ lo fẹ́ torí rẹ̀ gbé mi sábẹ́ fáànù?"

"Bí iná bá tún padà wá ńkọ́?"

Ìyá Àgbà tọ́ka sí Sọ̀fíyàt. "Bi ọmọ rẹ. Ó ti ń bá iná sọ̀rọ̀ láti ìjelòó."

Áfáà yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ti fẹ́ bá a wí, ṣùgbọ́n Sọ̀fíyàt kò sí níbi tó rò pé ó wà. Ó ti lọ dúró sábẹ́ ọ̀pẹ tí imọ̀ iná já lára rẹ̀, ó gbé orí sókè, ó ń wo àwọn imọ̀ gbígbẹ tó so rọ̀ mọ́ ara igi náà yí ká.

"Bàbá Ògúnbáyọ̀," ló ké, "bí a bá máa ń gé àwọn tó ti gbẹ yìí kí ọyẹ́ tó dé ńkọ́? Kí ni yóò wá já bọ́?"

Bàbá náà bọ́ sábẹ́ ọ̀pẹ, àwọn náà gbé orí sókè. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ọ̀pẹ yìí pọ̀ o," ni wọ́n wí. "Ta ni yóò gun gbogbo wọn?"

Ìyá Àgbà ti wo ọmọ wọn láti òkè délẹ̀. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba àdá lọ́wọ́ Bàbá Ògúnbáyọ̀, wọ́n nà án sí Áfáà.

"Nígbà tó o wà ní kékeré, ta ló máa ń sá gun ọ̀pẹ nítorí ilé-kéwú?"

"Màámi, mo ti di àgbàlagbà."

"Mo rí i. Bọ́ bàtà."